Àgò Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Katapílà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé onílé ní láti kágò. Ilẹ̀ oko kò ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ní pèrègún ní ààlà, ó sì ní olórí ẹbí tí à ń kágò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé bí onílẹ̀ bá pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́ pé ó la ọ̀nà gba inú oko òun, àwọn ènìyàn a máa yára sọ pé ọ̀tá ìlọsíwájú ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ta ni yóò kọ ọ̀nà ní Ìṣẹ́ Èkìtì, ní Ẹmùrè tàbí ní Ìkẹ́rẹ́? Ẹni tí ó bá ti fi orí ru kòkó rí ní àkókò òjò mọ iyì ibi tí mọ́tò lè gbà. Àwọn baba wa kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó yẹ ọ̀nà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ àti ti ọmọ ìlú ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tuntun yóò bá gba inú oko ẹnìkan, a óò pe ìdílé tí ó ni ilẹ̀, a óò jọ rìn ín, a óò wò ó bóyá ọ̀nà lè yà díẹ̀ nítorí ojú oórì kan.

Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí katapílà wọ oko kòkó àbúrò baba mi ní apá gúúsù Èkìtì. Kí Bàbá tó dé oko, ìlà kòkó mẹ́ta ti wó lulẹ̀ tèso-tèso. Awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, wọ́n rán mi ni." Bàbá dáhùn pé, "Mo mọ̀ pé wọ́n rán ọ. Ta ni wọ́n sọ fún nínú ilé wa?" Ọmọ náà kò mọ̀. Títí a fi délé, ìbéèrè yẹn ni Bàbá ń tún bi ara wọn. Nígbà tí owó yóò fi dé, lẹ́yìn ìlọ-àbọ̀ tí kò lóǹkà, iye igi kòkó ni wọ́n kà. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu ba ilẹ̀.

Owó gbà-má-bínú ni à ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè díẹ̀. Lójú òfin, iye ohun tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni owó náà dúró fún. Èdè wa ń sọ nǹkan mìíràn: ó gbà pé a ti bí ẹnìkan nínú. Ìyẹn ni pé àgò kò wáyé.

Ẹjọ́ ẹni tí owó ilẹ̀ tọ́ sí ti pẹ́ láàrin wa. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún ìlò gbogbogbò. Àwọn adájọ́ ní Èkó ní Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, kò ní ẹ̀tọ́ ju ti olórí tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ní 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre: gbogbo ará ìdílé àti àdúgbò ni ó ni ilẹ̀, olóyè ni aṣojú wọn, owó tí ó pé ni kí ìjọba san.

Lẹ́yìn ọdún 57, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 29 rẹ̀ ní kí a san owó lórí ilé àti irè oko. Ní ti ilẹ̀ gan-an, owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún náà nìkan ni yóò gbà padà. Ìdílé tí kò san irú owó bẹ́ẹ̀ rí ńkọ́? Òfo ni. Ibi tí mo ti bá òfin yìí jà nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ ka abala 6. Ó fún ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti wọ ilẹ̀ àgbègbè rẹ̀ fún ànfààní gbogbogbò, àfi àwọn ilẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí ó san owó gbà-má-bínú. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ oko ni wọ́n gbà, kí ìjọba ìbílẹ̀ fún àgbẹ̀ náà ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò fi dáko. Bí ó bá ń fi owó falẹ̀, gómìnà lè ní kí a ṣírò rẹ̀, kí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san án. Ilẹ̀ dípò ilẹ̀! Àṣà wa pàápàá kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí mo bi kò gbọ́ ọ rí.

Àgò náà wà nínú òfin. Abala 28 ní ìgbà tí ìwé bá dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó dópin, kì í ṣe ìgbà tí katapílà dé. Ẹni tí kò bá tẹ̀lé ìlànà kí ó tó wọlé, ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó tẹ̀, ìjọba ìbáà jẹ́. Kì í sì í ṣe olórí ẹbí nìkan ni ó lè pe ẹjọ́ yìí. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ dáko, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ wà.

Ohun kan tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí yóò bá pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé sí i, kí ó sì dúró fún oṣù kan. Àwọn náà mọ adùn àgò!

Ọ̀nà tí ó gba oko Bàbá kọjá ṣì wà. Ọ̀dà kò dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ń gbà á, àwọn ọmọ Bàbá ń fi kó kòkó wálé. Pèrègún ààlà ìjọ́sí wà ní apá kan, ìyókù oko wà ní apá kejì. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá gbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn ń tún pèrègún mìíràn gbìn sí etí ọ̀nà.