Bí Hóró Àgbàdo Ṣe Ń Hù

Mú hóró kan nínú àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ sókè ààrò, kí o fi ọ̀bẹ là á láti orí dé ìdí. Ibi tó le, tó kún fún ìyẹ̀fun, ló gba ibi tó pọ̀ jù. Nísàlẹ̀, níhà ṣóńṣó tó fi so mọ́ ṣùkù, ibì kan wà tó rọ̀, tó lóròóró díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ wà. Oúnjẹ rẹ̀ ni ìyókù. Hóró tí kòkòrò bá ti jẹ níbẹ̀, ògì ló kù tí a lè fi ṣe.

Omi ló ń jí i. Hóró náà á mu omi tó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, á wú, sítáàṣì inú rẹ̀ á sì máa di ṣúgà tí ọmọ náà ń jẹ. Àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ èyí dáadáa: wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó hù, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ yọ, èéhù á tẹ̀ lé e nínú àkọ̀ ṣóńṣó rẹ̀. Dorí hóró kodò gbìn ín, gbòǹgbò á ṣì wá ìsàlẹ̀, èéhù á wá òkè. Kò nílò ìmọ́lẹ̀ rárá títí yóò fi yọrí.

Ó nílò afẹ́fẹ́ àti ooru. Nínú àkùrọ̀ tí omi dá sí, kò ní rí afẹ́fẹ́ gbà, yóò jẹrà. Àwọn àgbẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà máa ń dúró kí ooru ilẹ̀ tó 10°C kí wọ́n tó gbìn. Ilẹ̀ tiwa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Òjò ni wàhálà wa.

Àkọ́rọ̀ ló sì ń tan àgbẹ̀ jẹ jù. Hóró tí kò tíì mu omi lè dúró nínú ilẹ̀ gbígbẹ, bí àparò kò bá hú u jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Bí òjò kan bá rọ̀ lóṣù kẹta, tí ọ̀dá wá tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á kú sábẹ́ ilẹ̀, àgbẹ̀ á tún oko gbìn. Ihò tó jìn jù náà ń pa á, oúnjẹ inú rẹ̀ á tán kó tó rí oòrùn. Oríkèé ìka méjì tó.

Kí o tó gbin tọdún yìí, ka 100 hóró, wé wọn sínú aṣọ tútù, má jẹ́ kó gbẹ, kí o tú u wò lọ́jọ́ keje. Bí èyí tó hù kò bá tó 85, wá irúgbìn mìíràn.