Ọmọ Òrukàn Nílò Ju Oúnjẹ Lọ: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ilé Ja'far

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń tọ́jú aláìníbaba. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọdọọdún ni a máa ń kó sàká jọ, tí a sì ń pín ìrẹsì, aṣọ àti owó ilé-ìwé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ lè yó kí ọkàn rẹ̀ má tíì kúrò níbi ikú bàbá rẹ̀. Kí ni a lè ṣe tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fi ní ìfaradà, tí yóò sì di ènìyàn gidi láwùjọ?

Ta ni ọmọ òrukàn?

Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú ni ọmọ òrukàn. Nínú òfin Isilaamu, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà ni, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ wà láàyè. Nítorí náà, kí a má ṣe pa àwọn ọmọ opó tì pé "ìyá wọn ṣì wà." Bákan náà, Sura At-Tawba (9:60) kò dárúkọ ọmọ òrukàn lára ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Àìní rẹ̀ ni ó ń mú un wọlé gẹ́gẹ́ bí tálákà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ogún tí ó tó o sílẹ̀ kò ní í gba sàká, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ sí àánú àti àbójútó wa.

Ohun tí Ànábì ṣe

Ní ọdún 8 lẹ́yìn Hijira (629), Ja'far, ọmọ Abu Talib tí ó tọ́ Ànábì dàgbà, kú sí ojú ogun Mu'ta. Ó fi Asma ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀. Ilẹ̀ Habasha ni wọ́n ti wá, kò sì tíì pé ọdún méjì tí wọ́n dé Mẹ̀dínà. Àwọn hadiisi fi ohun márùn-ún hàn wá.

Èkíní, Ànábì ní kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé Ja'far, nítorí ọ̀fọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ìyá tí a bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni ó lè tu ọmọ nínú. Lọ́dọ̀ wa, opó gan-an ni ó sábà máa ń bọ́ àlejò títí dé fidáù ọjọ́ kẹjọ. Nígbà mìíràn, owó ilé-ìwé ọmọ ni ó ń bá a lọ.

Èkejì, ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta láti sunkún. Kí a má ṣe sọ fún ọmọ pé ọkùnrin kì í sunkún, tàbí pé bàbá rẹ̀ rìnrìn-àjò. Ẹ sọ òtítọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó yé e.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ náà wá, ó sì ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ kí ó fá orí wọn. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ayé ṣì ń lọ. Ìwẹ̀, oorun lásìkò, ilé-ìwé àti ilé-kéwú ni ó máa ń mú ọmọ dúró.

Ẹ̀kẹrin, ó sọ fún wọn ẹni tí wọ́n jọ. Ó ní Muhammad jọ Abu Talib, Abdullah sì jọ òun ní ìrísí àti ní ìwà. Ọmọ náà ti mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i nígbà tí a bá to ọmọ lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti yà wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú àpò ìrẹsì, tàbí tí a ń pè wọ́n ní "ọmọ òrukàn" lójú ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ̀karùn-ún, ó ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun fi alubarika sí òwò Abdullah. Nígbà tí Asma sì sọ̀rọ̀ àìníbaba wọn, ó fi yé e pé òun ni alágbàtọ́ wọn láyé àti lọ́run. Abdullah dàgbà, ó sì di ẹni tí gbogbo Mẹ̀dínà mọ̀ sí ọ̀làwọ́.

Ìwádìí ìgbà tiwa jẹ́rìí sí i. Emmy Werner àti Ruth Smith tọ pinpin àwọn ọmọ 698 tí a bí ní ọdún 1955 ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, fún bí ogójì ọdún. Nínú àwọn tí ìyà pọ̀ fún jù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta dàgbà di ènìyàn gidi. Ohun tí ó sábà wà lọ́dọ̀ wọn ni àgbàlagbà kan, ó kéré tán, tí kò fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun tí ó kù fún wa

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wa mú ìdílé kan, kí ó máa bẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù, kì í ṣe nínú Ramadan nìkan. Kí a má ṣe pín ọmọ ìyá kan náà káàkiri ilé ẹbí, kí a má sì sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ọmọ bá ń tọ̀ sílé, tí kò sùn, tí ó dákẹ́ jù tàbí tí ó ń jà, kí a má nà án. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí a kọ ogún rẹ̀ sílẹ̀. Sura An-Nisa (4:6) ní kí a máa dán wọn wò títí wọn yóò fi gbọ́n, kí a tó kó ohun ìní wọn fún wọn níṣojú ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, ẹ fún ọmọ ní owó díẹ̀ kí ó ṣírò rẹ̀, kí iṣẹ́ kékeré sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìyà ni í kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyà lásán a máa ba ọmọ jẹ́. Ẹni tí ó dúró tì í nínú ìyà ni ó ń kọ́ ọ ní ìfaradà.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà wa, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa di ẹni ìpatì lẹ́yìn wa. Aamin.