Ṣé Orí Òkè Ni Àwọn Ọmọ Iléèwé Wà Ni?



Arábìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Wọ́n ti mú un láti lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ nílẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, àmọ́ wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òkè kan nítòsí Jos, kó sì mú bàtà tó nípọn dání. Ìyá rẹ̀ yarí. Ọ̀rọ̀ Jos fúnra rẹ̀ ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní, "Ṣé orí òkè ni àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ wà ni?" Ẹ̀rín pa mí, torí ohun tí màmá tèmi náà sọ nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ lọ sí Gáńbíà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 síwájú, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Alec Dickson dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, létí òkun Kamẹrúùnù, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣàkóso apá ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gun òkè Kamẹrúùnù níbẹ̀, òkè tó ga ju mítà 4,000 lọ, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ ìlú láwọn abúlé. Nígbà tó di 1958, Dickson àti ìyàwó rẹ̀ dá VSO sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ tó ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn ìbò 1961 tó gbé apá ibẹ̀ fún Kamẹrúùnù, ibùdó náà kó wá sí Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ orí òkè rẹ̀ sì wà ní Shere Hills, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos. Ibẹ̀ ni orúkọ Man O' War tẹ́ ẹ mọ̀ ní yunifásítì ti wá. Ìjọba wa náà dá Technical Aid Corps sílẹ̀ ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ọdún méjì-méjì ni àwọn olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa máa ń lò lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n so okùn mọ́ mi nídìí, wọ́n ní kí n máa fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Mo dé agbede méjì, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ń pariwo láti òkè, bó ṣe ń pariwo ni mò ń le gbagidi sí i. Ọmọbìnrin ará Ṣakí kan tó wà nísàlẹ̀ ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bọ̀dá, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ẹ sún un díẹ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo sunkún níwájú àwọn tí mo jù lọ́jọ́ orí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan tó ti gbé Gáńbíà fi Mandinka nìkan kọ́ wa ní ìṣirò: kiliŋ, fula, saba, naani, luulu. (Kì í ṣe Fúlàní o, èjì ni fula.) Ó pè mí dìde, ó bi mí ní nǹkan. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹnu ni mi ò ní. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń ṣe olùkọ́ nígbà yẹn, mo sì ti na ọ̀pọ̀ ọmọ torí pé wọ́n dúró bí mo ṣe dúró yẹn. Mi ò rí oorun sùn dáadáa.

Ìdí tí wọ́n fi ń kó wa lọ nìyẹn, lójú tèmi. Sílábọ́ọ̀sì kọ́ ni wàhálà: WAEC tí à ń ṣe níbí náà ni wọ́n ń ṣe ní Gáńbíà. Ọ̀rọ̀ kí èèyàn máà gbọ́ èdè, kí iná máà sí, kí àárò ilé máa mú un, ìyẹn ló le. Ẹnì kan nínú wa padà sílé lọ́jọ́ kẹrin, a ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kéèyàn padà láti Jos sàn ju kó padà láti Banjul lọ. Àmọ́ mi ò ní parọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Eré aago márùn-ún ìdájí nínú òtútù yẹn, mi ò tíì mọ ohun tó fi kọ́ mi.

Àbúrò mi, bi wọ́n léèrè kó o tó di ẹrù: ta ló ń san owó bàálù àlọ àti àbọ̀, ibo lo máa sùn, ta ló máa gbé owó ilé ìwòsàn, báwo ni ọ̀nà Jos ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn? Gbà á ní àkọsílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan, má lọ. Tí ìdáhùn wọn bá sì dáa, jẹ́ kí màmá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù fúnra wọn. Kó o sì mú súwẹ́tà méjì.