Ohun Tí A Ní Là Ń Náání: Ìtọ́jú Alùpùpù Tí Ó Ti Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀dó sí Bwari wí gidigidi, nítorí pé alùpùpù ni ó di ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bwari jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè ìjọba mẹ́fà tí ó wà ní agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀. Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀. Níbẹ̀ ni olú-iléeṣẹ́ JAMB àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Amòfin wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní àárín gbùngbùn ìlú Àbújá ní ọdún 2006, irú àwọn ìlú báyìí tí ó yí i ká ni iṣẹ́ ọ̀kadà fìdí kalẹ̀ sí.

Owó alùpùpù tuntun ti di ohun tí apá mẹ̀kúnnù kò ká mọ́, nítorí náà èyí tí ó ti dàgbà ni púpọ̀ nínú wa ń gùn. Èyí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn máa gun ohun tí kò mọ bí ara rẹ̀ ti rí. Ṣéènì tí ó já lórí eré lè há mọ́ ẹ̀yìn kí ó sì gbé ẹni tí ń gùn ún ṣubú. Bíréèkì tí kò mú mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ jìnnà sí i, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fura.

Ẹ̀rọ tí a ṣe fún irú ilẹ̀ wa

Ní ọdún 1976 ni iléeṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan gbé CG125 jáde fún àwọn ilẹ̀ tí ọ̀nà wọn kò dán, tí ìtọ́jú ẹ̀rọ kò sì rọrùn níbẹ̀. Dípò ṣéènì kékeré inú ẹ́ńjìnì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí fáàfù rẹ̀. Wọ́n sì fi irin bo ṣéènì ẹ̀yìn kí eruku má baà dé ibẹ̀. Ní ọdún 1979, Honda dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ó ti ilẹ̀ China wá lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ àwòkọ ẹ́ńjìnì yìí. Wọ́n ṣe é kí ó lè fara da àìbìkítà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ti sọ ìfaradà rẹ̀ di àwáwí. Ẹni tí ó bá ní sípánà mélòó kan, àkísà mímọ́ àti sùúrù lè ṣe púpọ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó sinmi. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ ṣí ìdérí tí ó ní ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ nù ún, ẹ kì í bọ ihò rẹ̀ láì yí i, kí ẹ sì tún yọ ọ́ wò. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Ẹ́ńjìnì CG125 kò gbà ju nǹkan bíi líítà kan lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ìdajì rẹ̀ bá ti jò dànù, ẹ̀rọ náà ti wà nínú ewu.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ má ṣe da àlòkù sí gọ́tà tàbí sí ilẹ̀. Adágún-omi Usuma tí ó wà nítòsí Ushafa, ní àgbègbè Bwari kan náà, ni wọ́n ti ń fa omi mímu lọ sí Àbújá. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ sì fún ẹni tí ń kó o.

Eruku ọyẹ́

Nígbà ọyẹ́, eruku pupa a máa bo ojú ọ̀nà Bwari. Bí eruku náà bá wọ inú ẹ́ńjìnì, a máa ha inú rẹ̀ bí ìgbà tí a fi yanrìn fọ ìkòkò. Ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, yóò sì máa jẹ ọ́ìlì. Fílítà afẹ́fẹ́ ni ó ń dí i lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ jìnnà sí iná, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un dáadáa. Bí ó bá jẹ́ bébà, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ gbọn ọ́n, bí ó bá sì ti dọ̀tí jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe gun alùpùpù láì ní fílítà rárá.

Ohun tí púlọ́ọ̀gì ń sọ

Ẹ nu àyíká púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó yọ ọ́, kí ìdọ̀tí má baà bọ́ sínú ihò. Bí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà, ara ẹ̀rọ le. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù tàbí fílítà ti dí. Bí ó bá funfun, ooru pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì bá mú un tutù, ẹ́ńjìnì ti ń jẹ ọ́ìlì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ nínú CG125 jẹ́ mílímítà 0.6 sí 0.7. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wé e padà, kí sípánà tó tẹ̀ lé e.

Ṣéènì àti bíréèkì

Ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣéènì. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí ṣéènì ti le jù, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ni kí ó fi máa lọ sókè sódò. Bí ẹ bá fà á, kí àmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì bára mu, kí ẹ sì dé nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Bí ẹ bá sì tú ìdè ṣéènì, nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń lọ.

Ní ti bíréèkì, ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò bóyá ó ti ń já ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣí àgbá rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Àwọn ṣúù bíréèkì àtijọ́ mìíràn ní asbestos, tí ó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ibi tí ó yẹ kí a dúró

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ti onílé. Bí ó bá kan jíà inú ẹ́ńjìnì, béárìnì, tàbí irin ìdúró tí ó sán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ yóò lè ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe é, kò sì ní san owó ohun tí kò bàjẹ́. Bí mẹkáníìkì bá jẹ́ Hausa, babur ni ó ń pè é, birki ni bíréèkì, mai ni epo, bakanike sì ni òun fúnra rẹ̀.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ìdajì wákàtí ní òpin ọ̀sẹ̀ tó fún púpọ̀ nínú àyẹ̀wò yìí. Ẹni tí kò bá ní ìdajì wákàtí náà lónìí lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn ọsibítù lọ́la. Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, a kú ìrìn o. A kò ní rí ìjà ọ̀nà.