Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọkọ̀ òkun kan, orúkọ rẹpẹtẹ

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun kì í sábà gbó sọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Bí ilé iṣẹ́ kan bá tà á, èyí tó rà á á kùn ún lọ́dà tuntun, á sì sọ ọ́ lórúkọ mìíràn.

Ẹ wo Stockholm, ọkọ̀ Sweden tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ní 1948. Ní oṣù Keje 1956, nínú kùrukùru òru, òun ló fi imú gún ẹ̀gbẹ́ Andrea Doria, ọkọ̀ Ítálì. Andrea Doria rì, èèyàn 51 sì bá ìjàǹbá náà lọ. Linda Morgan, ọmọ ọdún 14, sùn nínú yàrá rẹ̀ nínú Andrea Doria. Orí imú Stockholm tó ti run jégéjégé ni wọ́n ti bá a, láàyè!

Wọ́n tún imú náà ṣe. Ní 1960, ọkọ̀ náà di ti Ìlà Oòrùn Jámánì, wọ́n ń pè é ní Völkerfreundschaft. Nígbà tó yá, àwọn ará Ítálì tú inú rẹ̀ palẹ̀, wọ́n tún un kọ́. Ó tún jẹ́ Athena, ó jẹ́ Azores, ó wá di Astoria. Mélòó nínú àwọn tó ń jẹun nínú Astoria ló mọ imú ọkọ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀?

Tí ẹ bá fẹ́ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà IMO rẹ̀. Ẹyọ nọ́ńbà méje ni. Orúkọ á máa yí, nọ́ńbà yẹn kì í yí, òun lẹ ó fi mọ ọjọ́ orí ọkọ̀ àti ibi tó ti ń bọ̀. Yàrá inú irú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè há o, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn wọn gidigidi: ọkọ̀ kékeré ń wọ èbúté tí àwọn ràgàjì òde òní ò lè wọ̀.

2020 ni Astoria gbé èrò kẹ́yìn.