Ìyá àgbà ẹni ọdún 67 tí ó dá fẹsẹ̀ rin ìpínlẹ̀ 14 já ní Amẹ́ríkà

Bí òjò bá fi gbogbo òru rọ̀ lórí òkè, tí ilẹ̀ wá mọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ dán ìfaradà arìnrìn-àjò wò kì í ṣe òkè gíga tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni. Oríṣi méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan gbẹ, ó sì móoru, òun ni ó wọ̀ sùn mọ́jú. Èkejì ti rin gbìndìngbìndìn láti àná, ó tutù bí yìnyín, ó sì ti ń rùn. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò bọ́ èyí tí ó gbẹ, yóò fi ọ̀rá wé e, yóò tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò, yóò wá di eyín rẹ̀ pọ̀, yóò sì ki ẹsẹ̀ bọ èyí tí ó tutù. Ìdí ni pé bí ó bá fi gbígbẹ rìn, kí oòrùn tó kan àtàrí, méjèèjì yóò ti rin, kò sì ní sí ohun tí yóò wọ̀ sùn nígbà tí òtútù alẹ́ bá dé. Báyìí ni ọjọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail.

Orí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia, níhà gúúsù Amẹ́ríkà, ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Orí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine, lókè lọ́hùn-ún níhà àríwá, ni ó parí sí. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500, ìpínlẹ̀ 14 ni ó sì là kọjá. Benton MacKaye ni ó dá a lábàá ní ọdún 1921, wọ́n sì là á parí ní 1937. Ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni, àmì ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sára igi àti àpáta sì ni atọ́nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín já lẹ́ẹ̀kan náà yóò lo oṣù márùn-ún sí méje nínú igbó. Nínú ẹni mẹ́rin tí ó bá gbéra, bóyá ni a ó fi rí ẹnì kan tí yóò dé òpin.

Ẹni tí a bí nílẹ̀ Yorùbá yóò béèrè pé kí ni wọ́n ń wá kiri. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà rìn láti ìlú dé ìlú nítorí aṣọ tí wọ́n ń tà àti gbèsè tí wọ́n ń sin, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó gbé wọn kúrò nílé. Àwọn wọ̀nyí kò tajà, wọn kò lọ joyè, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni gbé dúró dè wọ́n. Ìbéèrè náà tọ́. Ìtàn ìyá kan ni ó sún mọ́ ìdáhùn rẹ̀ jù lọ.

Emma Gatewood ni orúkọ ìyá náà, ará ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ 11 ni ó bí. Ilé ọkọ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá, nítorí bí ẹni lu bàrà ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń lù ú. Ó lù ú títí eegun ìhà rẹ̀ fi dá tí eyín rẹ̀ sì kán. Nígbà tí ilé bá gbóná mọ́ ọn, inú igbó ni ó máa ń sá lọ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ọdún 1941 ni wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká. Nígbà tí ó yá, tí àwọn ọmọ ti dàgbà, ìwé ìròyìn National Geographic kan bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ka nípa ọ̀nà náà níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́, bí ìrìn fàájì ni ó rí létí rẹ̀. Ní 1954, ó gbìyànjú rẹ̀ láti ìhà Maine. Ó ṣìnà, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́, àwọn olùṣọ́ igbó tí wọ́n rí i sì ní kí ìyá máa lọ sílé. Ó lọ sílé lóòótọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1955, ó tún jáde, láti Georgia lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò ju pé òun fẹ́ lọ rìn díẹ̀. Ọmọ-ọmọ 23 ni ó ní nígbà náà.

Ẹ wo ẹrù tí ó gbé: àpò kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, tí ó gbé kọ́ èjìká kan bí ọdẹ. Kò ní àgọ́. Aṣọ ìbora kan ni ó ní, pẹ̀lú ọ̀rá tí àwọn òyìnbó ń ta sí balùwẹ̀, èyí tí ó fi ń gba òjò. Bàtà kánfáàsì lásán ni ó wọ̀. Bí òtútù bá pọ̀ jù, a yá òkúta pẹlẹbẹ nínú iná, a sì sùn lé e lórí. Lọ́jọ́ mìíràn, ewé gbígbẹ ni ẹní rẹ̀. Sọ́séèjì inú agolo, àjàrà gbígbẹ àti ẹ̀pà ni ó ń jẹ, ó sì mọ ewé igbó tí ó ṣeé jẹ, bí ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú oko ṣe máa ń mọ̀ ọ́n. Ọdún náà gan-an ni ìjì Connie àti ìjì Diane tẹ̀lé ara wọn wọ ìhà ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí odò kún àkúnya. Nígbà tí àwọn oníròyìn rí i, ó sọ fún wọn pé bí òun bá ti mọ bí ọ̀nà náà ṣe le tó ni, òun kì bá tí bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní padà.

Àwọn tí ń rìn ín lóde òní ní àgọ́ fífúyẹ́, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, wọ́n sì ní sítóòfù kékeré. Síbẹ̀, òkè kò tíì rẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ a máa lé ròrò, èékánná ọmọ-ìka a dúdú, a sì bọ́. Òkúta ìpínlẹ̀ Pennsylvania mú bí ẹnu ọ̀bẹ, bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹnì kan lè gbó kí ó tó dé òpin. Eégbọn inú koríko ń kó àìsàn Lyme ran ènìyàn. Ní Maine, kantíkantí kò jẹ́ kí a la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó di dandan kí wọ́n fi okùn fa oúnjẹ sókè igi nítorí béárì. Nínú àwọn ahéré tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, eku ni baálé. Okùn tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ kọ́ níbẹ̀, agolo ni wọ́n dojú rẹ̀ dé sí àárín rẹ̀, kí eku tí ń sọ̀ bọ̀ wá lè yọ̀ ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni Bill Irwin, tí ojú rẹ̀ fọ́, rìn ín já ní 1990 pẹ̀lú ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Orient. Iye ìgbà tí ó ṣubú kò lóǹkà.

Ebi ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ẹni tí ó ń gun òkè láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè ru oúnjẹ tí yóò yó o, nítorí oúnjẹ náà ni ẹrù. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó yà sí ìlú láti ra òmíràn, ẹ̀pà lílọ̀ àti índómì ni wọ́n sì ń jẹ títí ọ̀fun yóò fi kọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá yọ sí ojú títì, tí wọ́n bá kúlà tí aláàánú kan gbé sílẹ̀ níbẹ̀, tí mínírà tútù wà nínú rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin lè jókòó sílẹ̀ kí omi lé e lójú. Ní Pennsylvania, nítòsí ìdajì ọ̀nà, àṣà ni pé kí ẹni tí ó bá dé ọgbà Pine Grove Furnace ra áísìkiriìmù ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù, kí ó sì dá a jẹ tán níjòkòó kan. Òmíràn jẹ ẹ́ tán tayọ̀tayọ̀. Òmíràn bì í.

Adùn kékeré mìíràn ni orúkọ. Kì í pẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò fi fún ènìyàn ní àlàjẹ́ kan nítorí ìwà tàbí àṣìṣe rẹ̀, òun náà ni wọn yóò máa pè é títí dé Maine. Ẹ lè rí dókítà àti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n sùn sínú ahéré kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n má mọ orúkọ tí bàbá ara wọn sọ wọ́n. Ní odò Kennebec, níbi tí omi ti gbé arìnrìn-àjò kan lọ ní 1985, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ni ó ń gbé wọn sọdá lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà náà. Wọ́n kun àmì ọ̀dà funfun sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fi ojú ọ̀nà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, Ìyá Gatewood gun Katahdin dé orí, òun nìkan ṣoṣo. Kò sí obìnrin kankan ṣáájú rẹ̀ tí ó dá rìn ín já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ orin ìyìn orílẹ̀-èdè rẹ̀, America the Beautiful, sí etí afẹ́fẹ́, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun sọ pé òun yóò ṣe é, òun sì ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà láti sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò sí mọ́tò tí ń gun òkè náà.

Ní 1957, ó tún lọ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí yóò fi di 1964, tí ó ti kọjá ẹni ọdún 75, ó ti pín in rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀kẹta.