Ṣé ẹni tó ń gbàgbé lè tú àṣírí ìdílé?
Nínú Elizabeth Is Missing, ìtàn tí Emma Healey gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2014, ìyá àgbà Maud ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun òwúrọ̀ ti fò ó lórí. Ṣùgbọ́n Sukey, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pòórá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ṣeé gbà gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìrántí tuntun ni àrùn ìgbàgbé sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ti àtijọ́ a máa pẹ́. Ohun tó tún jọ òtítọ́ jù ni pé ọmọ rẹ̀ àti ọlọ́pàá kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Kí a tó ní àgbà ilé wa ń ṣarán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi wọ́n pé: “Ìyá, ta ni ẹ ń wá?”